Rédíétọ̀ Ọ́ìlì: Láti Inú Ọkọ̀ Ìjàpá Dé Inú Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì

Ìtàn ni mo tún gbé dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ohun kékeré kan ni, ohun tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, tó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ikú.

Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ní Tchaada, ní Ifangni, títí dé Àjàṣẹ́, ti ń ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ báyìí. Wọ́n á mú BMW tàbí Golf GTI wá láti ọjà ọkọ̀ ní Kútọnu. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Ẹlòmíràn ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn kó owó àjọ tó ti ń dá láti ọdún pípẹ́. Kí ọdún tó yí po, ẹ́ńjìnnì ti jó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ kan á wá sọ fún un pé rédíétọ̀ ọ́ìlì ni kó lọ rà, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní oil cooler, tí àwa tí a ka ìwé Faransé ń pè ní radiateur d'huile. Èyí wo ni kó rà? Níbo ni kó gbé e sí? Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ nílò rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń bá a yí. Ojú ọ̀nà Áfíríkà sì wà lára ibi tí ìdáhùn rẹ̀ ti hàn kedere.

Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí kí irin má baà ha irin ni a ṣe ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ọ́ìlì tún ń ru ooru. Omi rédíétọ̀ máa ń yí ara sílíńdà ká, ṣùgbọ́n kì í dé abẹ́ písítọ̀nù, kì í sì í dé ibi tí kíráǹkì ti ń yí lórí bẹ́ríìnì rẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ló ń dé àwọn ibi wọ̀nyẹn. Á gba ooru níbẹ̀, á rù ú sọ̀ kalẹ̀ wá sínú agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á sì tún fà á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara ọ́ìlì máa ń balẹ̀ láàárín digíríì 90 sí 110. Bí ó bá ti ń lé ní 130, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Kò lè ya irin nípá mọ́, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ náà ò dára. Bí ọ́ìlì kò bá ń dé 80, omi tó ń rin sínú rẹ̀ látinú iná ẹ́ńjìnnì kì í gbẹ, á sì di ẹrẹ̀ dúdú tí yóò dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Nítorí náà, iṣẹ́ rédíétọ̀ ọ́ìlì jẹ́ méjì: kó mú ooru tó pọ̀ jù kúrò, kó má sì sọ ọ́ìlì di òtútù. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì ló máa ń fi owó ra àìsàn fún ọkọ̀ rẹ̀.

Ìjàpá tí kò mu omi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí àgbàlagbà kò ní ṣàì mọ̀ ní Èkó tàbí ní Àjàṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ìjàpá ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Níhìn-ín, Coccinelle la mọ̀ ọ́n sí. Volkswagen ni. Ferdinand Porsche ló ṣáájú àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1938.

Ohun tó mú ọkọ̀ yìí yàtọ̀ ni pé kò lo omi rárá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, fáànù ńlá kan ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí dára ní ilẹ̀ òtútù, níbi tí omi ti ń di yìnyín, tí ó sì ń fọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó dára ní aṣálẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kübelwagen, ọkọ̀ ológun tí wọ́n fi irú ẹ́ńjìnnì kan náà ṣe, bá àwọn ọmọ ogun Jámánì dé Líbíà àti Íjíbítì, níbi tí omi mímu gan-an ti ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn lásán kò tó. Lítà ọ́ìlì 2.5 péré ló ń wọ ẹ́ńjìnnì náà, kò sì sí omi tí yóò bá a pín ẹrù ooru. Wọ́n wá ṣe rédíétọ̀ ọ́ìlì kékeré kan, wọ́n nà á dúró sínú àpótí fáànù, kí atẹ́gùn lè máa gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá lónìí bí ẹni ń wá góòlù fún ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ti ní i láti ilé-iṣẹ́ wá.

Wọ́n tún fi ọgbọ́n kan sí i. Fáàfù kan wà ní ẹnu ọ̀nà rédíétọ̀ náà. Ní òwúrọ̀, tí ọ́ìlì ṣì ki, ipá rẹ̀ á ti fáàfù yìí, ọ̀nà àbùjá á ṣí, ọ́ìlì á sì lọ tààrà sẹ́nu iṣẹ́ láì gba inú rédíétọ̀. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná tó sì fẹ́lẹ́, fáàfù á padà sí àyè rẹ̀, ọ́ìlì á sì gba inú rédíétọ̀ kọjá. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ìtutù náà ní ìwọ̀n.

Síbẹ̀, wàhálà kan kù. Òkè sílíńdà kẹta gan-an ni rédíétọ̀ náà dúró sí. Ó dínà atẹ́gùn fún un, èyí tó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti gba ooru ọ́ìlì kó tó débẹ̀. Mẹkáníìkì àgbà tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì ìjàpá rí á sọ fún yín pé sílíńdà kẹta ni fáàfù rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jó. Àfi ìgbà tó di àwọn ìjàpá tí wọ́n pè ní ti ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ náà tó tún un ṣe: wọ́n gbé rédíétọ̀ ọ́ìlì kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé tirẹ̀ fún un, wọ́n la ọ̀nà atẹ́gùn tirẹ̀ fún un, wọ́n sì mú kí fáànù fẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé: ibi tí a gbé rédíétọ̀ sí ṣe pàtàkì bí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá ń tu ibì kan tí a ń sun ibòmíràn, kí la ṣe?

Ohun mìíràn tí àwọn awakọ̀ ìjàpá mọ̀ dáadáa ni iná pupa jẹnẹrétọ̀. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bátìrì nìkan ló ń jìyà. Ẹni tó mọ̀ á dúró lójú ẹsẹ̀, torí atẹ́gùn ti dáwọ́ dúró, ọ́ìlì náà ò sì ní ẹni tí yóò tù ú mọ́.

Láti Nairobi dé Ọjọ́

Ní 1953, ìdíje ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti fi ṣàmì ìdéládé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Òun ni a wá mọ̀ sí Safari. Ó gba Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹgáńyíkà kọjá, nínú eruku, nínú ẹrẹ̀, lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìjàpá gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1954, ní 1957 àti ní 1962. Kì í ṣe pé ó yára ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn, bíi rédíétọ̀ omi tó lu àti họ́ọ̀sì tó bẹ́, ni òun kò ní.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn ọdún 1970 ló mú ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sí i. Títí di 1972, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún la sì ń wà á ní Dahomey. Ẹni tó bá kọjá ààlà ní láti yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà wa sì di ọ̀kan. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ọ̀nà kan náà tó wá kan ààlà wa ní Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n to ìjàpá níbẹ̀. Wọ́n tún to èyí tí wọ́n mú àwòrán rẹ̀ wá láti Bràsíìlì, tí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ń jẹ́ Brasília, tí wọ́n sì sọ ní Igala ní Nàìjíríà. Orúkọ náà bá ìgalà inú igbó wa mu, ẹran tó mọ eré sá. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ni ìgalà yẹn náà fi ń tu ara rẹ̀, kò mu omi.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Àwọn Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1960, ọdún tí Dahomey àti Nàìjíríà gba òmìnira, ni Peugeot gbé 404 jáde. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé fáànù rẹ̀ kì í bá ẹ́ńjìnnì yí ní gbogbo ìgbà. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan ni fáànù á so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí ó bá tutù, á já ara rẹ̀ gbà. Ìrònú kan náà ni ti fáàfù ìjàpá: ẹ tù ú nígbà tó bá yẹ, ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí kò bá yẹ.

Àwọn òbí wa mọ 404 dáadáa, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní bâchée, tó ní tapólì lẹ́yìn, tó ń kó ọsàn, gàrí àti ènìyàn lọ sọ́jà. 404 gba Safari ní 1963, ní 1966, ní 1967 àti ní 1968. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 504 dé, ní 1968. Ní 1975, ọdún kan náà tí ti Ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna. Ọdún yẹn kan náà ni 504 gba Safari, Ove Andersson ló wà á.

Ẹ wá gbọ́ ti 1978. Porsche gbé ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì rẹ̀, 911, lọ sí Safari, pẹ̀lú owó àti àwọn awakọ̀ tó mọṣẹ́. Ta ló gba ipò kìíní? Jean-Pierre Nicolas ni, nínú Peugeot 504 oní-sílíńdà mẹ́fà. Porsche tí Vic Preston ọmọ wà ni ó ṣe ìkejì. Bàbá rẹ̀ ló gba Safari nínú ìjàpá ní 1954. Ẹni tó bá ń ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìjà láàárín atẹ́gùn àti omi yóò ṣì í kà. Ọ̀nà méjèèjì ló débẹ̀. Èyí tí wọ́n bá bá ọ̀nà náà mu dáadáa ló ń dé ṣíwájú.

Bí ọ́ìlì ṣe rìn dé iwájú ọkọ̀

Porsche gan-an, ọmọ ìjàpá ni. Ní 1948, Ferry, ọmọ Ferdinand Porsche, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì 356, ẹ́ńjìnnì ìjàpá ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Ní 1963 ni wọ́n fi ọkọ̀ tí a wá mọ̀ sí 911 han aráyé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ó ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì tún wà lẹ́yìn. Dípò lítà 2.5, nǹkan bí lítà 9 ni ọ́ìlì rẹ̀, nínú táǹkì tó dá dúró. Bí agbára ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń pọ̀ sí i, rédíétọ̀ ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn kò tó mọ́. Lára 911 S ti ọdún 1969, wọ́n fi èkejì kún un, wọ́n sì gbé e lọ sí iwájú, sínú apá ọ̀tún, níwájú táyà. Páìpù gígùn ló ń gbé ọ́ìlì láti ẹ̀yìn lọ síbẹ̀, tó sì ń gbé e padà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó tó báyẹn? Torí pé iwájú ni atẹ́gùn tútù wà. Èyí tó wà lẹ́yìn ti bá ooru ẹ́ńjìnnì jẹun pọ̀. Ní 1984, René Metge fi irú 911 kan tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà gba ìdíje Paris-Dakar. Títí di 1998 ni Porsche ń ta 911 tí atẹ́gùn àti ọ́ìlì ń tù, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ pátápátá fún omi.

Ọ̀nà kẹta tún wà, èyí tó pọ̀ nínú àwọn Golf GTI tí ẹ ń rà. Nínú wọn, rédíétọ̀ ọ́ìlì kì í rí atẹ́gùn rárá. Ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti fílítà ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ire rẹ̀ ni pé omi máa ń tètè gbóná ju ọ́ìlì lọ, torí náà ó ń bá ọ́ìlì gbóná ní òwúrọ̀, ó sì ń bá a tutù ní ọ̀sán. Ibi rẹ̀ ni pé bí ó bá lu nínú, ọ́ìlì á pò mọ́ omi, á di ohun kan tó ki, tó ràn bí ọ̀gì. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní mayonnaise. Ọ̀pọ̀ bá ti rí i, wọ́n á sọ pé gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, wọ́n á sì tú gbogbo orí ẹ́ńjìnnì, nígbà tó jẹ́ pé rédíétọ̀ kékeré yẹn ló lu.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ní báyìí, kí ni ìtàn yìí sọ fún ọ̀dọ́ tó dúró sí Ladípọ̀ ní Èkó tàbí sí ọjà páàtì ní Kútọnu, tí owó wà lápò rẹ̀?

Àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n kí ẹ tó rà. Iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sọ ìwọ̀n ooru ọ́ìlì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ti omi ló ń sọ. Ẹ fi géèjì ọ́ìlì sí i, kí ẹ wa ọkọ̀ náà ní ọ̀sán oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn wa mú jù. Bí ọ́ìlì kò bá kọjá 110, ẹ tọ́jú owó yín, ẹ fi ra ọ́ìlì gidi.

Ìkejì, bí omi ló ń hó, ẹ má fi rédíétọ̀ ọ́ìlì wo àìsàn omi. Ẹ wo rédíétọ̀ omi bóyá ó ti dí, ẹ wo fáànù bóyá ó ń yí. Ẹ sì bi mẹkáníìkì bóyá ó ti yọ thermostat sọnù. Ẹni tó yọ ọ́ ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni, kò wò ó.

Ìkẹta, ẹ ra èyí tí thermostat ọ́ìlì bá a wá, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn nígbà tí ọ́ìlì bá dé nǹkan bíi 80. Ohun tí fáàfù ìjàpá ń ṣe láti ọjọ́ yìí ni. Àwọn kan á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ ní òru oṣù Ògún, nínú òjò, pẹ̀lú rédíétọ̀ ńlá tí kò ní thermostat, ẹ ó rí bí ọ́ìlì yín yóò ṣe pẹ́ kó tó gbóná.

Ìkẹrin, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Rédíétọ̀ tó tóbi jù máa ń dínà atẹ́gùn fún rédíétọ̀ omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ìjàpá ṣe ṣe sílíńdà kẹta. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó sì rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà wa kì í ṣe gbogbo ìgbà ni eré ń wà lórí rẹ̀: nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Kútọnu tàbí lórí ọ̀nà yanrìn, atẹ́gùn kì í fẹ́ bí a kò bá fi fáànù sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa á dí ojú rẹ̀. Ẹ máa fi omi tó ń rọra ṣàn fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Ìkarùn-ún, èyí ló ń pa ẹ́ńjìnnì jù: ẹ má ra rédíétọ̀ ọ́ìlì tòkunbọ̀, ẹ má sì fi èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì tó ti jó sára ẹ́ńjìnnì tuntun. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jó, ẹ̀rún irin á sá pamọ́ sínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ rédíétọ̀ náà. Kò sí bẹntiróòlù tó lè fọ̀ ọ́ jáde tán. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì tuntun, ọ́ìlì gbígbóná á gbé ẹ̀rún wọ̀nyẹn tọ bẹ́ríìnì tuntun lọ. Báyìí ni ẹnìkan ṣe ń ra ẹ́ńjìnnì méjì láàárín ọdún kan, tí yóò sì máa sọ pé ayé ló ń ṣe òun.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìjàpá lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí ibi tó yẹ kó gbé rédíétọ̀ kékeré sí. Ẹ fi ọjọ́ kan péré wọ ooru ọkọ̀ yín kí ẹ tó ná owó ilẹ̀.